Má Jẹ́ Kí N Gé Èbù Tí O Kò Ní Gbìn

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Ìyá rẹ ní Ṣábẹ̀ẹ́ ló ń kọ èyí sí ọ ní Kándì, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi ń kọ ọ́. Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni. Ọdún méjì péré ni mo lò nílé ẹ̀kọ́ àwọn fadà kí bàbá mi tó mú mi padà sóko, ṣùgbọ́n ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ kò tíì jábọ́. Bí lẹ́tà kan bá wọ́, fi ojú ọmọ wò ó, má fi ojú mẹ̀tìrẹ́ẹ̀sì tó ń kọ́ni ní kíláàsì wò ó. Kì í ṣe pé mo gbé káyé iṣẹ́ ilé ìwé wá síwájú rẹ kí o fi tàdáwà pupa fà á. Ọjọ́ kẹrin rèé tí mo ti wà lórí ìwé yìí.

Ilé wà. Ọyẹ́ ti gba gbogbo ìlú, ètè wa ti bẹ́, orí àpáta kì í hàn láàárọ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ mi òsì ń ṣe bó ti máa ń ṣe. Ìyẹn kọ́ ni mo fẹ́ bá ọ sọ.

Ìwé rẹ dé. Ọkùnrin tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì nínú ọkọ̀ ojú irin ló mú un wá láti Pàràkú. Inú mi dùn sí ibi tí o ti sọ pé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ ti kórè ẹ̀pà oko ilé ẹ̀kọ́, pé ọ̀gá yín sì pè ọ́ ní kàmáráàdì tó ṣeé fọkàn tán. Ó dáa. Èmi ò mọ ti kàmáráàdì, ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó ṣeé fọkàn tán. Ìdí nìyẹn tí apá kejì ìwé rẹ fi bà mí nínú jẹ́. O ní: “Ìyá, ẹ gé èbù náà kí ẹnu àwọn ènìyàn lè sinmi. Bí wọ́n bá wá pè mí lọ kàwé sí i ní Àjàṣẹ́, tí ọkàn mi bá sì yí padà, a ó dá iṣu wọn padà fún wọn. Èbù lásán ni.”

Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo pa ìwé náà dé, mo lọ jókòó sẹ́yìn ilé. N kò jẹun ọ̀sán ọjọ́ náà.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Bíọ̀ tó fẹ́ fi ọ́ ṣaya wá láti Ofẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́kànlá. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi kọ ebè, ọdún kejì tó ń kọ ọ́ fún wa nìyí. Ìyá rẹ̀ sì ti kó iṣu wá láti inú abà tirẹ̀, iṣu tó dára, kò sí èyí tí kòkòrò jẹ nínú rẹ̀. Ó tò wọ́n sílẹ̀ nínú yàrá mi, ó fi ewé bò wọ́n, ó lọ. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo agbolé ti ń wo ọwọ́ mi. Mi ò tíì gé e.

O mọ àṣà yìí, ṣùgbọ́n ó jọ pé ìwé ti bò ó mọ́lẹ̀ lórí rẹ. Ọkùnrin tó bá ń fẹ́ ọmọ wa yóò kó ẹgbẹ́ rẹ̀ wá, yóò kọ ebè fún ilé àna. Ó lè kọ ọ́ fún ọdún méjì, ó lè kọ ọ́ fún mẹ́ta. Ní gbogbo àkókò yẹn, bí ọmọbìnrin bá ní òun kò fẹ́, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Wọ́n á ní iṣẹ́ ọ̀dọ́ ni, ó ti ran àgbà lọ́wọ́, Ọlọ́run á san án fún un. Nígbà tó bá yá, ìyá ọkùnrin á kó iṣu wá láti fi bèèrè ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Bí ọmọbìnrin bá gbà, òun ni yóò gé e, tàbí ìyá rẹ̀ bó bá wà lájò, wọ́n á fi eérú pa ojú ọgbẹ́ rẹ̀, ọkùnrin á sì gbìn ín sínú ebè tó kọ. Ọjọ́ náà ni wọ́n ń sọ pé: iṣu ti di èbù.

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ kí ó yé ọ, nítorí o ń lò ó bí ẹni tó yá aṣọ wọ̀. Nígbà tí bàbá rẹ tẹ̀ka sínú ìwé iṣẹ́ ojú irin, ó délé, ó ní, iṣu ti di èbù. Nígbà tí ará ẹ̀yìnkùlé wa wó ilé àtijọ́ rẹ̀ kí ó tó rí amọ̀ tí yóò fi mọ tuntun, a ní, ha, iṣu ti di èbù. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ parí. Àwọn ọ̀dọ́ rò pé “ó parí” ni ìtumọ̀ rẹ̀. Iṣu tí a kò tíì gé ní ọ̀nà púpọ̀: a lè sè é, a lè gún un, a lè fi tọrẹ, a lè fi í sílẹ̀ lórí àjà kí á máa wò ó. Èbù ní ọ̀nà kan ṣoṣo. Ilẹ̀ nìkan ló lè gbà á. Ẹni tó bá jẹ ẹ́, ọdún tó ń bọ̀ ló jẹ.

Ohun tí n ó sọ fún ọ báyìí, mi ò sọ ọ́ fún ọ rí. Bàbá rẹ mọ̀ ọ́n, ó sì mú un lọ sábẹ́ ilẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ orí mi kò tíì tó tìrẹ, ọkùnrin kan wà ní Kábúà tó ń jẹ́ Wòrú. Ọdún mẹ́ta ló fi kọ ebè fún bàbá mi. Kábúà kì í ṣe ìtòsí. Ẹsẹ̀ ni òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń rìn ín, ọkọ́ léjìká. Kò lẹ́nu púpọ̀. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí n tètè gbé omi wá, àbí mo fẹ́ ṣe opó kí n tó relé ọkọ ni, òun a kàn rẹ́rìn-ín, a máa kọ ebè rẹ̀ lọ. Ní ọdún kẹta, bàbá mi bi mí lójú gbogbo ilé bóyá mo fẹ́. Mo ní mo fẹ́. Kò sẹ́ni tó fi pàṣán lé mi. Mo mú ọ̀bẹ, mo gé èbù àkọ́kọ́, mo fi eérú pa á, mo gbé e lé Wòrú lọ́wọ́, ó gbìn ín. Àwọn àgbà pariwo. Mo rẹ́rìn-ín bí ẹni tó gba ẹ̀bùn.

Ṣé o mọ ohun tó wà nínú mi lọ́jọ́ náà? Mo ní, bí kò bá dùn, n ó dá a padà. Gẹ́lẹ́ bí o ti kọ ọ́. Ìdí tí n kò fi jẹun lọ́jọ́ tí ìwé rẹ dé nìyẹn.

Kò pé oṣù méjì tí bàbá rẹ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin. Wọ́n rán an wá tún ojú irin ṣe lápá ọ̀dọ̀ wa. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì oníbọ́tìnnì, ó sì mọ ọ̀rọ̀ í sọ. Ojú mi kúrò lára Wòrú bí ojú ewúrẹ́ ti í kúrò lára koríko nígbà tó bá rí èèpo iṣu. Mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Mo rò pé mo gbọ́n. Mo ní, bó bá jẹ́ èbù ni ẹ̀rí, èmi á mú ẹ̀rí kúrò nílẹ̀.

Ní ọ̀sán gangan, nígbà tí bàbá mi lọ sí Adìdó, mo wọ oko, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wú èbù. Mo tú ebè kan, mo bọ́ sí èkejì, títí mo fi wú gbogbo rẹ̀ tán. Wọ́n ti ń hù. Nǹkan funfun kéékèèké ti yọ lára wọn bí ìka ọmọ tuntun. Mo gbọn iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ dànù, mo kó wọn sínú agbọ̀n, mo rù wọ́n dé Kábúà lọ́jọ́ kejì.

Ìyá Wòrú ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Mo kí i, mo sọ agbọ̀n kalẹ̀. Mo ní, “Ìyá, iṣu yín rèé. Mo dá a padà. Kò sí ìjà.”

Kò bú mi. Ó wo inú agbọ̀n náà pẹ́. Ó mú èbù kan, ó mú èkejì, ó gbé ojú ọ̀kan ko ojú èkejì, kò bá a mu. Ó gbé e sílẹ̀, ó mú òmíràn. Ó wá wò mí.

“Ọmọ mi, bá mi so wọ́n pọ̀ di iṣu. Bó bá ti di iṣu, n ó gbà á.”

Mo dúró níbẹ̀. Ó padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀.

Àṣàkẹ́, mo ti dàgbà, mo ti jà pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ènìyàn, a kì í sábàá borí mi. Obìnrin yẹn borí mi láìdìde lórí àpótí.

Wòrú fẹ́ ẹlòmíràn, ó bímọ, n kò gbọ́ pé ó sọ ọ̀rọ̀ mi láìdáa níbì kankan. Òun kọ́ ló jìyà rẹ̀. Ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bá. Ọdún náà, ebè bàbá mi hu koríko. Nígbà tí ọdún yí po, ó ránṣẹ́ ọ̀wẹ̀ sí àwọn tó ti máa ń bá a ṣiṣẹ́. Kò sẹ́ni tó bínú, kò sẹ́ni tó kọ̀. Ẹsẹ̀ ń dun ẹnìkan, ẹnìkan ní òkú ní Ofẹ̀, ẹnìkan ní òun ń bọ̀, kò dé. Ọkùnrin tó máa ń pe ogún ènìyàn sóko dá nìkan wọ oko pẹ̀lú ọkọ́ kan. Mo gbé oúnjẹ lọ fún un lọ́jọ́ kan. Ó jókòó sórí ebè, ó ń mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, mo ní kí ó bú mi kí ọkàn mi lè fúyẹ́. Ó kọ̀.

Ó ní, “Ìwọ kọ́ ni wọn ò gbà gbọ́ mọ́. O kéré. Èmi ni mo sọ fún wọn pé ‘bẹ́ẹ̀ ni’ rẹ, ‘bẹ́ẹ̀ ni’ ni.”

Ó jẹun rẹ̀ tán, ó dìde, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbà òjò méjì péré ló kọjá lẹ́yìn náà kí a tó sin ín.

Má ṣì mí gbọ́ o. Mi ò kábàámọ̀ bàbá rẹ. Ọkùnrin gidi ni, ìwọ náà mọ̀. Ọ̀nà tí mo gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo kábàámọ̀. Bí mo bá ti sọ fún bàbá mi ní ọdún àkọ́kọ́ tàbí ìkejì pé ọkàn mi kò sí lára Wòrú, ì bá ti dùn ún fún ọjọ́ mẹ́ta, ì bá ti gbàgbé. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ni mò ń wò, ohun tí mo sì rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ kí o fetí sí.

Àkọ́kọ́, ebè kì í ṣe èbù. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ebè dẹ́rù bà ọ́. Lánàá, àbúrò bàbá rẹ jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi, ó ń pọ́n ọ̀bẹ lórí òkúta. Ó ní, “Ìyá Àṣàkẹ́, kí lẹ̀ ń dúró dè? Ebè ti pé, iṣu ti dé, ẹ má fi wá ṣe ẹlẹ́yà. Iṣu ti di èbù.”

Mo ní, “Bàbá Kékeré, iṣu ṣì jẹ́ iṣu. Ẹ yọjú wò ó, orí rẹ̀ àti ìdí rẹ̀ ṣì wà pa pọ̀.”

Ó ní orí mi ti le jù. Mo ní orí tó rọ̀ kì í ru agbọ̀n. Ó kó òkúta rẹ̀, ó lọ. Ṣé o rí i, ọ̀rọ̀ yẹn kan náà ni àwọn kan ń lò láti ti ilẹ̀kùn mọ́ ènìyàn kí ó tó wọlé. Kí a tó gbé ọ̀bẹ lé iṣu, ẹnikẹ́ni tó bá sọ ọ́ fún ọ, irọ́ ló ń pa, ì báà ṣe ẹbí, ì báà ṣe èmi.

Èkejì, má fi “bẹ́ẹ̀ ni” bọ́ ẹnu ayé. O ní kí n gé e kí ẹnu àwọn ènìyàn lè sinmi. Ọmọ mi, ẹnu kì í sinmi. Bí o bá bọ́ ọ lónìí, ebi á tún pa á lọ́la, ohun tí yóò sì bèèrè lọ́la yóò ju ti òní lọ. Lẹ́yìn ìgbéyàwó wọn á bèèrè ọmọ. Lẹ́yìn ọmọ wọn á bèèrè ọkùnrin. Ìgbà wo ni ìwọ yóò tó jẹun tìrẹ?

Ẹ̀kẹta ni ti Àjàṣẹ́. Bí ìwé ló wù ọ́, kà á. Ìgbà tí wọ́n ń ṣe yẹ̀yẹ́ mi pé mo ń rán ọmọbìnrin lọ sílé ẹ̀kọ́, mo dá wọn lóhùn bó ti yẹ, mi ò sì tíì rẹ̀wẹ̀sì láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n gba ẹnu mi sọ ọ́ fún Bíọ̀ kí a tó gé èbù. Sọ fún un pé ó lè jẹ́ ọdún méjì. Bó bá ní òun á dúró, ó dúró ní ìmọ̀. Bó bá ní òun ò lè dúró, ó lọ ní ìmọ̀. Ohun tí a fi pamọ́ sábẹ́ èbù kì í jẹ́ kí ó hù.

Èyí tó kàn, mi ò mọ iye tí mo kà dé mọ́, ni pé bí o bá ti gbìn ín, fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún un. Mi ò ní tàn ọ́ pé gbogbo èbù ló ń hù. Òmíràn á jẹrà, ikán á jẹ òmíràn, a ó sì fi òmíràn dípò. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wú èbù wò láràárọ̀ bóyá ó ti hù, òun gan-an ló ń pa á. Nígbà tí iṣẹ́ ojú irin gbé bàbá rẹ lọ sí Pàràkú, tí mo bá a lọ, ìyá rẹ̀ ń pè mí ní “ọmọ tó wú èbù” lójú mi, lójú àlejò. Ọdún kejì mo di ẹrù mi. Mo dì í dáadáa, mo fi okùn so ó. Mo jókòó tì í láti ìdájí títí oòrùn fi gun, mo wá tú u. Kì í ṣe ìfẹ́ ló jẹ́ kí n tú u, ìfẹ́ ti sá lọ ní ọ̀sẹ̀ náà. Mo tú u nítorí mo ti mọ bí agbọ̀n tí a rù padà ṣe wúwo tó. Ìfẹ́ náà padà wá, kò tilẹ̀ pẹ́. Ìyá rẹ̀ kú sọ́wọ́ mi, orúkọ gidi mi ló sì pè kó tó kú.

Ó ku ọ̀rọ̀ Bíọ̀. Mi ò ní yìn ín fún ọ, ìwọ lo máa bá a gbé. Mo kàn fẹ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta iṣẹ́ wọn, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń dá a lágara, wọ́n ní ọkọ mẹ̀tìrẹ́ẹ̀sì ni yóò máa se ọbẹ̀ nílé, pé bí ìyàwó bá bínú yóò ní kó lọ kúnlẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Ó bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n lọ wẹ̀ lódò, ó dúró sẹ́yìn, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi nínú erùpẹ̀ oko, ó ní òun fẹ́ bi mí ní nǹkan kan.

“Ìyá, ṣé Àṣàkẹ́ fẹ́ mi, àbí àánú mi ló ń ṣe é?”

Mo mọ irọ́ pa, ìwọ náà mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n mi ò lè pa á fún ẹni tó dọ̀bálẹ̀ nínú erùpẹ̀ oko mi. Mo ní kó bi ọ́ fúnra rẹ̀. Ó ní òun kò mọ̀wé, òun kò sì fẹ́ kí ẹlòmíràn bá òun kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó bẹ̀ mí kí n bi ọ́. Mo ti bi ọ́ báyìí.

Iṣu yìí kò lè dúró pẹ́. Bí ọyẹ́ bá lọ tán, ebè á gbẹ, iṣẹ́ àwọn ọmọ náà á di asán. Mo ti sọ fún ẹbí pé mi ò ní fọwọ́ kàn án títí ìwé rẹ yóò fi dé, mo sì fi ìbínú wọn jẹun alẹ́. Fi “bẹ́ẹ̀ ni” ránṣẹ́ sí mi, tàbí “bẹ́ẹ̀ kọ́”. Má fi “ẹ jẹ́ ká máa wò ó ná” ránṣẹ́. Ọ̀nà tí èmi gbà nìyẹn, mo sì mọ ibi tó já sí.

Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, n ó gé e lọ́jọ́ náà gan-an. Láti ìgbà náà lọ, má sá wá sọ́dọ̀ mi nítorí pé ó gbàgbé láti kí ọ tàbí pé ìyá rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ jù, n ó dá ọ padà lẹ́nu ọ̀nà. Bó bá nà ọ́, ìyẹn yàtọ̀, wá.

Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, má wá. Má kọ̀wé sí wọn. Èmi ni n ó ru iṣu náà lọ sí Ofẹ̀, odindi odindi bí ó ti wá, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń dùn mí yìí. Ìyá Bíọ̀ kò tó àbúrò mi àbíkẹ́yìn, n ó sì kúnlẹ̀ fún un nínú àgbàlá rẹ̀ lójú àwọn ọmọ rẹ̀, n ó ní ọmọ mi kò fẹ́, ó sì sọ ọ́ lákòókò. N ó gbé orí mi sókè bí mo bá ń bọ̀ nílé.

Èmi ìyá tó bí ọ,
tó sì ń retí ọ̀rọ̀ kan láti ẹnu rẹ.